Ìjì Wọ Jẹ́sì Pupa

                                                            Ilé Ìfọṣọ Ìyá Jẹ́sì,
                                                            Ẹ̀yìn Pápá Ìṣeré.
                                                            Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Agogo, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ẹ̀yìn tó ń dùn ún lọ́jọ́sí, ṣé ó ti fi í sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbíkẹ́yìn rẹ tí kì í jẹun àfi tí gbogbo ilé bá kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́? Mo kí gbogbo yín, mo sì gbà á ládùúrà pé ìwé yìí á bá yín nínú àlàáfíà. Ní tiwa níbí, ara le. Baálé mi ṣì wà nídìí iṣẹ́ káfíńtà rẹ̀. Àga tó ti ṣèlérí látọdún tó kọjá pé òun máa bá mi tún ṣe, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ṣì fi dúró. Bí àlejò bá ti wọlé, mo máa ń sáré kìlọ̀ fún un kó tó jókòó. Ìyá mi ń kí ọ. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá wọ́n ń fún ọ láyè láti pariwo ní ilé ọkọ.

Mo mọ̀ pé ó máa yà ọ́ lẹ́nu pé mo kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Mo gbé fóònù, mo gbé e sílẹ̀, mo tún gbé e. Mo mọ ara mi. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, bí n kò bá bú sẹ́kún, èébú ni yóò jáde lẹ́nu mi. Ìwé kì í ké, kì í sì í já lu ọ̀rọ̀ ẹni. Nítorí náà, fara balẹ̀ kà á dópin.

Ọ̀rọ̀ Ìjì ni.

O mọ̀ ọ́n dáadáa, àmọ́ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ó ń ṣe mí bíi pé èmi nìkan ló kù tó rántí. Ọmọ ìyá oníbúrẹ́dì ìkóríta wa ni. Ìwọ àti èmi la kọ́kọ́ rí i, lọ́jọ́ tó ń gbá agolo mílíìkì kiri láàárín àwọn ọmọkùnrin tó jù ú lọ, tí kò sí èyí tó lè gbà á lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìwọ lo fi ohùn rẹ kígbe pé, "Ẹ yàgò, ìjì ń bọ̀!" Orúkọ náà mọ́ ọn lára látọjọ́ yẹn, kódà àwọn oníròyìn ò mọ òmíràn. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ẹgbẹ́ wa, Aláwọ̀ Ewé, ló di ilé fún un. Inú jẹ́sì ewé ló dàgbà sí, títí ó fi di balógun ikọ̀ àwọn obìnrin wa. Èmi tí mò ń fọ jẹ́sì wọn, mo máa ń mọ tirẹ̀ láìwo nọ́ńbà, torí kò sí èyí tó máa ń dọ̀tí tó o.

Ṣé o rántí ibi tí a máa ń dúró sí lẹ́bàá wáyà tí wọ́n fi yí pápá ká, nítòsí igun? Mi ò tíì kúrò níbẹ̀. Nígbà tí o fẹ́ ọkọ lọ sí òdìkejì odò, sí ìlú àwọn Alápupa tí ẹgbẹ́ wọn ti ń bá tiwa fà á kí wọ́n tó bí wa, gbogbo wa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. O dìde dúró, o ní ọkọ lo fẹ́, o ò fẹ́ ẹgbẹ́ wọn, pé ohun pupa kankan ò ní wọ ilé rẹ, ì báà ṣe korobá. A rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú wa. Mo gbà ọ́ gbọ́ lọ́jọ́ náà, Agogo. Ẹ̀rín ni mò ń rín, àmọ́ mo gbà ọ́ gbọ́.

Ọdún tó kọjá, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó yẹ kó gbé wa dé àṣekágbá, orúnkún òsì Ìjì yí. Láti ìdí wáyà ni mo ti gbọ́ ọ. Ó dún bí igi gbígbẹ tí èèyàn fẹsẹ̀ dá. Kò sunkún. Ó kàn ń fọwọ́ lu koríko, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Dókítà ní iṣan inú orúnkún náà ti já, pé bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ, ó máa rìn, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi bọ́ọ̀lù tàn án. Alága ẹgbẹ́ wá kí i ní ilé ìwòsàn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà pẹ̀lú àwọn ayàwòrán. Ó di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó ní, "Ọmọ wa ni. A ò ní fi í sílẹ̀ láéláé." Bí àwọn ayàwòrán ṣe jáde, òun náà tẹ̀ lé wọn, a ò sì rí ìpàkọ́ rẹ̀ mọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà, mo gbé jẹ́sì tí mo ti fọ̀ lọ sí ilé tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń gbé. Mo bá àpótí Ìjì ní ìta. Wọ́n ti fi yàrá rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Òun fúnra rẹ̀ jókòó lórí àpótí náà, ọ̀pá méjì tó fi ń rìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo títì bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀. Mo gbé àpótí náà lérí. Mo ní, "Dìde, ká lọ sílé."

O mọ baálé mi, tó máa ń pe ẹgbẹ́ wa ní orogún rẹ̀. Bó ṣe rí wa lẹ́nu ọ̀nà, ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Orogún mi ti kó ẹrù dé o!" Àmọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti fá pákó gbọọrọ kan títí ó fi ń dán, ó sì kàn án mọ́ ara ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa láti yàrá dé ilé ìwẹ̀, kí ọmọ náà lè máa rí nǹkan dì mú. Àga tèmi ṣì wà níbi tó wà.

Ìyà tó jẹ ọmọ yẹn kò ṣeé fẹnu sọ. Nọ́ọ̀sì kọ́ wa bí a ó ṣe máa ká orúnkún náà díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá ń lọ aṣọ àwọn oníbàárà, mo máa ń wé aṣọ ìnura tútù mọ́ ọn lọ́rùn ẹsẹ̀ kó lè wúwo, á máa gbé e sókè, á máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Á sunkún, á kanra mọ́ mi, á tún bẹ̀ mí. Nígbà mìíràn oorun á gbé e lọ sáàárín aṣọ tí mo ti ká, n ó kàn rọra sún áyọ́ọ̀nù kúrò nítòsí rẹ̀. Láàárọ̀, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, a máa lọ sí pápá. Ó fi ọ̀pá méjì rìn, ó fi ọ̀kan, ó wá fi èjìká mi rìn. Èmi tí Ọlọ́run ò tíì fún lọ́mọ, mo kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń rìn.

Ní gbogbo àkókò yìí, ìwọ náà ò sinmi. O ń pè mí ṣáá. Bí mo bá ti gbé fóònù, o ò tíì ní kí mi tán tí wàá fi béèrè pé, "Orúnkún ọmọ wa ńkọ́?" Èmi náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò fún ọ: ó ti ká a délẹ̀ lónìí, ó ti sáré yí pápá po, ó ti fi ẹsẹ̀ òsì gbá bọ́ọ̀lù, ó sì wọlé. Mo máa ń sọ fún baálé mi pé, "O rí ọ̀rẹ́ mi? Ibi tó jìnnà tó yẹn, ọkàn rẹ̀ ò kúrò lára wa."

Akọ́nimọ̀ọ́gbá wa wá wò ó láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dúró lẹ́yìn ògiri kí ọmọ náà má bàa rí i. Nígbà tó yá, alága ránṣẹ́ pé ẹgbẹ́ ti fẹ́ gbà á padà, pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àwa àti Alápupa ni yóò fi padà wọ pápá. Ìlú gbóná! Wọ́n lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ gbogbo ògiri, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ÌJÌ Ń PADÀ BỌ̀. Àwọn tó ti sọ pé ó ti tán fún un ni wọ́n kọ́kọ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Inú mi dùn débi pé mò ń kí àwọn tí mo ti bá jà.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ ìdíje náà kù fẹ́ẹ́fẹ́, Ìjì ní òun fẹ́ lọ sinmi lọ́dọ̀ ìbátan ìyá òun kan, torí ariwo ìlú ti pọ̀ jù fún òun. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo lọ aṣọ rẹ̀, tí mo ká a sínú báàgì. Nígbà tó fẹ́ lọ, ó dì mọ́ mi pẹ́ títí. Mo rò pé ẹ̀rù bọ́ọ̀lù ló ń bà á.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, mo gbé jẹ́sì ewé nọ́ńbà kẹwàá lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń múra, mo fi í kọ́ sórí ìṣó tó ti máa ń wà. Àkókò ń lọ, a ò rí Ìjì. Fóònù rẹ̀ ò lọ. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ń bi mí, èmi náà ń bi í. Ọkàn mi kò lọ síbì kankan ju jàǹbá ọkọ̀ lọ. Mo jáde lọ sẹ́nu géètì, mò ń bi àwọn awakọ̀ bóyá wọ́n rí ìjàǹbá lójú ọ̀nà. Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí bọ́ọ̀sì àwọn Alápupa wọlé, tí wọ́n ń bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orin.

Ìrìn ẹni tó bọ́ sílẹ̀ kẹ́yìn ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Mi ò tíì rí ojú rẹ̀. Bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ òsì díẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́, èmi ni mo kọ́ ọ.

Jẹ́sì pupa ló wọ̀. Ìwà òmùgọ̀ ni, Agogo, àmọ́ ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ọkọ̀ rẹ̀ bà jẹ́ lọ́nà tí wọ́n sì ṣàánú rẹ̀. Mo sáré lọ bá a. Mo ní, "Ìjì, ṣé àwọn ló gbé ọ wá? Wọ́n ti ń wá ọ nínú ilé. Wá, wá lọ pààrọ̀ aṣọ."

Kò wò mí lójú. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jókòó." Ó sì kọjá lọ.

Nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn Alápupa, gbogbo wa ń wo ara wa lójú. Lẹ́yìn náà ni ariwo sọ. Mi ò lè pariwo, mi ò sì lè lọ sílé. Mo di wáyà mú. Bọ́ọ̀lù náà lọ títí, kò sí góòlù, títí ó fi kù díẹ̀ kó parí. Ìjì gba bọ́ọ̀lù láàárín, ó fi ara tan agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn wa méjì, ó sì fi ẹsẹ̀ òsì yẹn, ẹsẹ̀ tí mo wé aṣọ tútù mọ́, gbá a sínú àwọ̀n. Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti ké: "Góòòlù!"

Èmi nìkan ló ké ní gbogbo apá ibẹ̀. Gbogbo ojú yí sí mi. Mo fọwọ́ bo ẹnu, àmọ́ ó ti bọ́. Bí ìyẹn ò bá tó, Ìjì sáré tààrà wá sí ọ̀dọ̀ wa, níbi wáyà tí ìwọ àti èmi ti fún un lórúkọ tó ń jẹ́ káàkiri ayé, ó sì gbé ìka lé ètè. Ó ní ká panu mọ́.

Góòlù kan yẹn ni wọ́n fi nà wá.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò dùn. Wọ́n ní mo ti mọ̀. Wọ́n ní ta ló ń sin ajá tí kò mọ ibi tí ajá ń lọ? Àwọn kan ju ẹrẹ̀ sára aṣọ funfun tí mo sá sórí okùn, aṣọ ilé ìwòsàn tí mo fọ̀ látàárọ̀. Obìnrin iwájú ilé wa, tó máa ń tọrọ ọṣẹ lọ́wọ́ mi, pè mí ní ìyá ọ̀dàlẹ̀ lójú mi. Alága sì ránṣẹ́ pé wọn ò nílò kí n máa fọ jẹ́sì mọ́. Wọ́n ṣì ń pè mí ní Ìyá Jẹ́sì ní àdúgbò, àmọ́ kò sí jẹ́sì kankan lórí okùn mi.

Lọ́jọ́ kejì, Ìjì wá kó àpótí rẹ̀. Baálé mi ṣí ilẹ̀kùn fún un, ó wojú mi, ó sì lọ sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀. Mo ní kó dìde, kó má fi orúnkún yẹn kúnlẹ̀.

Ó ní, "Màmá, mo lọ sí ọ́fíìsì alága lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n wá fọwọ́ síwèé. Ilẹ̀kùn ò tì. Mo gbọ́ tó ń sọ pé orúnkún mi ti di ẹyin, pé kí n gbá ẹyọ kan yìí kí pápá lè kún, lẹ́yìn náà kí wọ́n wá ibi jù mí sí. Mo ní n ó padà wá, mi ò fọwọ́ sí i."

Mo ní, "O gbọ́ ìyẹn, o sì wá sílé wá jẹun níwájú mi, o ò sọ fún mi?"

"Bí mo bá sọ fún yín, ẹ máa ní kí n dúró."

"Ó ṣeé ṣe kí n má sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ máa sọ ọ́, Màmá. Bí ẹ bá sì ti sọ ọ́, mo máa dúró. Mi ò lè sọ pé rárá fún yín. Ìdí tí mi ò fi sọ nìyẹn."

Mo béèrè ìka tó gbé lé ètè. Ó ní alága tó jókòó lórí àga lókè wa lòun ń bá wí. Mo ní, "Alága wà lókè lóòótọ́. Àmọ́ èmi ni mo wà nísàlẹ̀, ojú mi ni ìka náà dojú kọ." Ó bú sẹ́kún. Mo jẹ́ kó sun ún. Lẹ́yìn náà ni mo béèrè ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ béèrè: ta ló mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn Alápupa, ọmọ tí kò mọ ẹnikẹ́ni ní òdìkejì odò?

Ó ní, "Àǹtí Agogo ni. Wọ́n ti ń bá mi sọ ọ́ kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ alága. Ilé wọn ni mo sùn títí di ọjọ́ bọ́ọ̀lù. Wọ́n ní ẹ máa bínú, àmọ́ pé ẹ̀yin kì í bínú pẹ́."

Pákó tí baálé mi kàn mọ́ ògiri fún un ni mo dì mú.

Ọ̀rẹ́ mi, mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Ní ti alága, mi ò tíì gbẹ́kẹ̀ lé e rí, nítorí náà kò já mi kulẹ̀. Ní ti Ìjì, ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Àmọ́ ẹni tí wọ́n ti gbé àpótí rẹ̀ síta rí, mi ò lè dá a lẹ́bi pé ó wá ilẹ̀kùn mìíràn kan. Ọmọdé ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń jẹun. Àwọn èèyàn rò pé ìgbà tí orúnkún bá san ni agbábọ́ọ̀lù padà dé. Èmi rò pé ó yẹ kéèyàn mọ ẹni tí òun ń padà sọ́dọ̀ rẹ̀, àmọ́ bóyá èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ fún àgbà.

Ìwọ ni mi ò mọ ibi tí n ó gbé sí. Àwọn àgbà ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Mo máa ń sọ òwe yẹn fún àwọn ẹlòmíràn. Ìròyìn orúnkún tí mò ń fi ayọ̀ rò fún ọ lórí fóònù, ṣé ńṣe lò ń gbé e lọ fún wọn, bí ẹni ń polówó ẹran lọ́jà? Ìgbà tó kọ́kọ́ sáré yí pápá, tí o kígbe ayọ̀ débi tí etí mi fi dí, ta lò ń bá yọ̀? Bí o bá rí i pé kò sí ọjọ́ iwájú fún ọmọ náà níbí, kí ló dé tí o ò sọ fún mi? Ọdún mélòó la fi jọ dúró sídìí wáyà kan ṣoṣo! Ìjì ní òun ò lè sọ fún mi torí òun ò lè kọ̀ fún mi. Ìwọ ńkọ́? Ìwọ ti ń kọ̀ fún mi láti ìgbà tí a ti wà ní kékeré, a ò sì torí ẹ̀ jà.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, àwọn ọmọ wa tún gbá bọ́ọ̀lù nílé. Mo ní mi ò lọ. Mo jókòó, mò ń gbọ́ ariwo láti orí ògiri. Baálé mi wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Orogún mi ń ṣàìsàn, o ò ní lọ wò ó?" Mo lọ. Àwọn kan kí mi, àwọn kan yẹra. Mo dúró síbi tí mo máa ń dúró sí. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n fi sí ipò Ìjì; ó ń ṣubú, ó ń dìde, bọ́ọ̀lù ń sá fún un bí ẹni jẹ ẹ́ ní gbèsè. Mo pe orúkọ rẹ̀ títí ohùn mi fi há. A ta ọ̀mì, òdo sí òdo. Mo rìn lọ sílé, ó rẹ̀ mí, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹgbẹ́ náà ṣì jẹ́ tèmi.

Bá mi kí ọkọ rẹ dáadáa. Kí àwọn ọmọ, kí o sì fẹnu ko àbíkẹ́yìn rẹ fún mi. Wọn ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Kí Ìjì náà tó o bá rí i. Sọ fún un pé kó má fi ojoojúmọ́ gbá bọ́ọ̀lù lórí ilẹ̀ líle, orúnkún yẹn ò tíì fẹ́ ẹ. Má rán ẹnikẹ́ni wá bẹ̀ mí, má sì pè mí.

Oṣù tó ń bọ̀, àwa náà máa wá gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú yín. Mo ti gba ìjókòó nínú bọ́ọ̀sì àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́, bí àwọn kan tilẹ̀ ń kùn. Mi ò ní yà sílé rẹ. Ìdí wáyà, lápá ti Aláwọ̀ Ewé, ni n ó dúró sí, n ó sì máa wo àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń wọlé. Apá ibi tí o bá dúró sí lọ́jọ́ náà ni n ó kà sí èsì lẹ́tà yìí.

Ẹni tó ṣì ń pè ọ́ lọ́rẹ̀ẹ́ títí di ọjọ́ náà,

Ìyá Jẹ́sì.